Ihò Róbótó

"Jáde nínú ihò yẹn, Híng-Kéì! Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń múra àtilọ kí òkú?"

Ohùn Bàbá Kékeré ló já lu Híng-Kéì lórí níbi tó kúnlẹ̀ sí nísàlẹ̀ ihò, àbẹ́là lọ́wọ́ kan, dígà lọ́wọ́ kejì. Ojú ẹ̀ wà lára ògiri amọ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín amọ̀ náà kọjá, ó ń dán lábẹ́ iná, ó sì ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń wọ inú ilẹ̀ lọ. Wúrà ni. Kì í ṣe ẹ̀rún wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń fi ìyà fọ̀ jáde látinú erùpẹ̀ táwọn òyìnbó ti fọ̀ tán tí wọ́n dà nù. Wúrà gidi ni, tó jókòó sáyè ẹ̀ tó ń retí ẹni tó máa wá a kàn.

"Bàbá Kékeré, ẹ jẹ́ n gbẹ́ díẹ̀ sí i. Ó ti ń fẹ̀."

"Bó bá wù ú, kó fẹ̀ bí odò. Lónìí kọ́."

Sáù-Wán, ọmọ Bàbá Kékeré, yọjú sẹ́nu ihò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ o. Ó ti gbé wúrà níyàwó lánàá, ẹ má lọ dà wọ́n láàmú nínú yàrá."

Híng-Kéì bu amọ̀ tútù, ó fi bo ìlà náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó di okùn mú, ó gùn ún jáde.

Ọjọ́ Gbígbá Ibojì ni. Nílé, ní Sì-Yì nílẹ̀ Ṣáínà, òjò wínniwínni ló máa ń rọ̀ lọ́jọ́ yìí, koríko á tutù yọ̀yọ̀, àwọn ọmọdé á máa yọ̀ ṣubú lójú ọ̀nà ibojì. Níbí, ní Òkè Wúrà Tuntun, bá a ṣe ń pe ilẹ̀ àjèjì yìí tí gbogbo nǹkan ti dojú dé, ìgbà tí koríko ń gbẹ ló bọ́ sí, eruku ló sì ń kí wa káàbọ̀. Kò burú. Òkú ò mọ ìyẹn. Gbogbo àgọ́ ti jí láti àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n ti sun ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ti bọ adìẹ, wọ́n ti kó igi tùràrí àti owó bébà àwọn òkú sínú agbọ̀n. Kò séèyàn tó máa ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣẹ́ kù, títí ọdún á fi yí po ni wọ́n á máa bi í pé ta ló fẹ́ kó bá òun gbá tòun lọ́jọ́ tóun náà bá kú.

Òfin òyìnbó náà sì rèé: ihò tí kò bá séèyàn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i ló ni ín. Lọ́jọ́ Àìkú tiwọn, gbogbo pápá á pa lọ́lọ́, ihò ẹnikẹ́ni ò ní í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, torí Ọlọ́run wọn ń sinmi. Ọjọ́ tiwa ńkọ́? Ọjọ́ iṣẹ́ ni lójú wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásánlàsàn.

"Kí ẹnì kan dúró ti ihò," ni Híng-Kéì wí bó ṣe ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ lára. "Èmi á dúró."

"Ìwọ kẹ̀?" Bàbá Kékeré gbé agbọ̀n ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀. "Nínú gbogbo wa, ìwọ? Ẹ̀gbọ́n ẹ ò bímọ kó tó kú. Ta ló máa kúnlẹ̀ fún un? Ṣé èmi ni? Kí èmi àgbàlagbà yìí wá kúnlẹ̀ fọ́mọ ẹ̀gbọ́n mi, àbí?"

"Nítorí ẹ̀gbọ́n mi náà ni mo ṣe fẹ́ dúró."

Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ tí òun àti Híng-Lọ́m ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kúrò nílé, ìyá wọn ò sunkún. Ó kàn di apá àwọn méjèèjì mú lẹ́nu ọ̀nà abúlé, ó ní, "Ẹ̀yin méjì ni mo bí. Ẹ̀yin méjì ni kẹ́ ẹ pa dà wá." Ọkọ̀ já wọn sétí òkun kan tó jìnnà réré, kí wọ́n má baà san owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ gbogbo Ṣáínà tó bá gúnlẹ̀ sí èbúté tòótọ́. Wọ́n wá fẹsẹ̀ rìn ín, ẹrù léjìká, Híng-Lọ́m níwájú, tó ń fi èébú dá gbogbo wọn lára yá bí ẹsẹ̀ ṣe ń bó. Nígbà òtútù tó kọjá, ilẹ̀ wó lé Híng-Lọ́m lórí nínú ihò onígun mẹ́rin kan táwọn òyìnbó gbẹ́ tì. Látìgbà náà, róbótó ni Híng-Kéì máa ń gbẹ́ ihò tiẹ̀, bí kànga ilé.

Egungun Híng-Lọ́m gbọ́dọ̀ délé. A ó hú u, a ó fọ̀ ọ́, a ó kó o sínú ìkòkò, yóò sì wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àbúrò ẹ̀, kí ìyá tó bí i lè máa fọwọ́ ara ẹ̀ gbá ibojì ọmọ ẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí òkè àjèjì yìí ló máa wà. Lọ́jọ́ tí wúrà bá tán, tí gbogbo wa bá ká àgọ́ wa lọ, ta ló máa rántí ẹ̀? Ẹranko kangaroo ni yóò máa sùn lé e lórí. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ inú amọ̀ yẹn ló máa gbé e délé, kò sí òmíràn.

"Bó ò bá lọ bá a lónìí," ni Bàbá Kékeré wí, ohùn ẹ̀ sì ti rọ̀, "ta lo fẹ́ gbé délé lọ́la? Òkú tí ebi ti pa títí tó ti gbàgbé orúkọ ara ẹ̀?"

Híng-Kéì tún yọjú wo ìsàlẹ̀ ihò.

"Ẹ má jà mọ́, mo ti rí ẹni tó máa dúró," ni Sáù-Wán wí. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì aró ọrùn ẹ̀, ó gbé e kọ́ sórí igi tí wọ́n fi ń yí okùn lẹ́nu ihò, ó ki koríko gbígbẹ bọ inú ẹ̀, ó gbé fìlà ẹlẹ́nu ṣóṣó lé e lórí, ó sì fi ṣọ́bìrì tì í lápá. Ó pa dà sẹ́yìn, ó ń wò ó tẹ̀gàntẹ̀gàn. "Híng-Kéì gan-an nìyí! Kódà, aṣọ́komásùn yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ jù ú lọ."

Bàbá Kékeré pàápàá rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé agbọ̀n, wọ́n tò tẹ̀ lé àwọn tó kù.

Ẹ̀gbẹ́ àgọ́ Onírùngbọ̀n Pupa ni ọ̀nà òkè náà gbà. Òyìnbó yìí nìkan ló máa ń kí wa nínú gbogbo àwọn tó wà ní ìhà ibẹ̀. Láràárọ̀, bí Híng-Kéì bá ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò, á ṣí fìlà, á pariwo kíkí kan tó kọ́ ní èdè wa, tó máa ń ba ohùn ẹ̀ jẹ́ débi pé ẹ̀rín á fẹ́ pààyàn. Òun náà ló sá wá lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bo Híng-Lọ́m. Nínú gbogbo òyìnbó tó gbọ́ igbe, òun nìkan ló gbé ṣọ́bìrì wá. Nígbà tí ṣọ́bìrì ò ṣeé lò mọ́, ó fi ọwọ́ wa ilẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde léèékánná ẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kan Híng-Lọ́m lórí. Ó ti tútù nígbà náà.

Lónìí, ó jókòó síwájú àgọ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wílì. Ó ṣí fìlà bó ṣe máa ń ṣe, ó kí wọn. Ojú ẹ̀ lọ sára agbọ̀n wọn, ó tò lọ sára gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó wá yí ojú náà sísàlẹ̀ pápá, sọ́nà ibi tí fìlà ẹlẹ́nu ṣóṣó dúró sí láìmira.

Híng-Kéì rí i. Ó bá wọn rìn dé ìdajì òkè.

"Bàbá Kékeré, inú ń run mí. Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀."

"Inú ń run ẹ́," ni Sáù-Wán wí, "àbí ìyàwó ẹ ló ń pè ẹ́?"

Bàbá Kékeré ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó wo Híng-Kéì títí. "Màá dá ọtí tìẹ sí," ló sọ, ó sì kọjú sọ́nà.

Híng-Kéì sáré sọ̀ kalẹ̀. Láti òkèèrè ló ti rí i pé igi okùn wà níhòòhò. Fìlà wà nílẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì Sáù-Wán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, koríko ti tú jáde nínú ẹ̀. Okùn ti lọ sísàlẹ̀. Dígà ń dún nínú ihò.

"Ìwọ! Ihò mi nìyẹn!" Èdè òyìnbó tó gbọ́ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn tó.

Onírùngbọ̀n gbójú sókè. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, Wílì ti lọ gbé pákó wá. Ojú ẹ̀ pọ́n, kì í sì í ṣe ti ìbínú. Ojú ló tì í, fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ojú ò tì í mọ́.

"Koríko ni mo bá lẹ́nu iṣẹ́, Jọ́ọ̀nù. Òfin ni." Jọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pe gbogbo wa.

"O mọ̀ pé tèmi ni! Àràárọ̀ lò ń kí mi níbẹ̀!"

"Mo mọ̀," ni Onírùngbọ̀n wí. "Èmi náà láwọn ọmọ nílé." Ó gbé dígà, ó tún sọ ọ́ mọ́ ògiri.

Nígbà náà ni Híng-Kéì rí ohun tó ń ṣe. Ó ń la igun sára ihò. Àwọn òyìnbó ò lè fi pákó gbé ihò ró àfi kó ní igun mẹ́rin, ìyẹn ló fi ń gé ibi tó yí róbótó yẹn kúrò. Amọ̀ ibẹ̀ ò lágbára kankan ju pé ó fara ti ara ẹ̀ yíká. Bí èèyàn bá gé ẹ̀gbẹ́ kan, kí ni ìyókù máa fara tì?

"Má gé igun níbẹ̀! Ilẹ̀ máa wó! Dá a dúró!"

Onírùngbọ̀n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ihò wa ṣẹ̀fẹ̀, pé torí ànjọ̀nú la fi ń gbẹ́ ẹ róbótó, kó má baà ríbi sá pamọ́ sí. "Kò sí ànjọ̀nú níbí, Jọ́ọ̀nù," ló sọ. Ó tún gbé dígà sókè.

Ilẹ̀ ò pariwo. Ó kàn rọra mí, ẹ̀gbẹ́ kan já, èkejì tẹ̀ lé e, eruku sì rú jáde. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, kò sí rùngbọ̀n, kò sí dígà. Kò sí ohùn.

Híng-Kéì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Pápá dá páropáro. Àwọn tiwa wà lórí òkè, èéfín tùràrí wọn ti ń gòkè. Kò séèyàn kankan tó rí i pé ó pa dà wá. Kó kàn gbé jákẹ́ẹ̀tì náà kọ́ pa dà, kó gbé fìlà lé e, kó máa gun òkè lọ jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á bá ihò tó wó àti olè tó kú sínú ihò olóhun, tiwọn náà ni ihò á sì tún jẹ́. Ẹ jẹ́ n má parọ́ fún yín: ó rò ó. Ó rò ó dáadáa. Ó tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó ti mú jákẹ́ẹ̀tì náà nílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò rí i sọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé láéláé. Ó bá ara ẹ̀ nínú ihò. Ó ń fi ṣọ́bìrì wa ilẹ̀, ó ju ṣọ́bìrì nù, ó ń fi ọwọ́ wà á. Iyẹ̀pẹ̀ ń wọ ẹnu ẹ̀. Ilẹ̀ tún ń ya lẹ́yìn ẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Àwọ̀ pupa kan bá a lọ́wọ́, irun ni, orí ni, ó gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́nu àti nímú ẹ̀. Orí náà ò tútù. Orí náà wúkọ́.

Bí Wílì àtàwọn òyìnbó bíi mélòó kan ṣe bá wọn nìyẹn, Ṣáínà kan lórí òyìnbó tí ilẹ̀ bò dé àyà, ṣọ́bìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n fa àwọn méjèèjì jáde. Ìkúùkù ló kọ́kọ́ ba Híng-Kéì lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ohunkóhun.

Ajẹ́lẹ̀ pápá, òyìnbó tí ìjọba fi ń dájọ́ níbẹ̀, gun ẹṣin dé láìpẹ́, pẹ̀lú Tám ọ̀gbufọ̀. Ọmọ tiwa ni Tám, àmọ́ ó ti gé irun gígùn ẹ̀, ó ń wọ kóòtù, ó sì máa ń dúró bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀.

"Ó ní kí ló dé tó o fẹ́ pa ọkùnrin yìí," ni Tám wí.

"Sọ fún un pé èmi ni mo hú u jáde." Ohùn Híng-Kéì ti há pátápátá. Kò mọ ohun tó há a.

Kí Tám tó túmọ̀ ẹ̀ tán, Onírùngbọ̀n gbórí sókè nínú garawa omi tó fi ń fọ ojú. "Òótọ́ ni. Òun ló hú mi jáde. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀." Ọkàn Híng-Kéì balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ti lè sọ ìyẹn, á sọ ìyókù.

Ajẹ́lẹ̀ mi orí. Tám túmọ̀: "Ó ní o ṣeun. Ta ló wà nínú ihò nígbà tí ilẹ̀ wó?"

"Òun ni."

"Kí ló ń ṣe?"

Híng-Kéì rí ibi tí ìbéèrè náà ń lọ, ṣùgbọ́n irọ́ wo ló fẹ́ pa? "Ó ń gbẹ́lẹ̀. Ó ń ba ihò mi jẹ́."

Tám sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kúrú lẹ́nu ẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà nígbà tó wọ inú ẹ̀?"

"Ojú ọ̀nà òkè. Tám, ìwọ náà ṣáà mọ ohun tí òní jẹ́."

Tám ò wò ó lójú. Ajẹ́lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó fi igi ọwọ́ ẹ̀ gbé fìlà ẹlẹ́nu ṣóṣó nílẹ̀, koríko jábọ́ nínú ẹ̀. Ó ní ṣé alágbàṣe wọn rèé? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló dájọ́: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ihò lọ́jọ́ iṣẹ́ ló ni ihò, Ṣáínà yìí fúnra ẹ̀ sì ti jẹ́rìí ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

"Bi í!" Híng-Kéì nàka sí Onírùngbọ̀n. "Ó mọ̀ pé tiwa ni. Bi í kó sọ!"

Tám bi í. Onírùngbọ̀n ń wo inú garawa. "Koríko ni mo bá níbẹ̀," ló sọ.

Òótọ́ ni, ẹ ò rí i? Ọkùnrin yẹn ò parọ́ ẹyọ kan ṣoṣo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Nígbà táwọn ará ilé fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, pákó ti wà lẹ́nu ihò, Wílì sì ń yí okùn. Sáù-Wán ki ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀.

"Gbé e sílẹ̀," ni Bàbá Kékeré wí.

"Bàbá, wọ́n ti..."

"Mo ní gbé e sílẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí n tún fi ìwọ náà sílẹ̀ lórí òkè ni?"

Sáù-Wán gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ó he jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ àti fìlà, ó ń ṣa koríko kúrò nínú ẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò ní ẹ̀fẹ̀ kankan lẹ́nu. Bàbá Kékeré kọjú sí Híng-Kéì. Ó yọ ìgò kékeré kan nínú agbọ̀n, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé inú ló ń run ẹ́," ló wí. "Lọ bá a."

Oòrùn ti ń rẹ̀ nígbà tí Híng-Kéì dé ibojì. Wọ́n ti fa koríko ibẹ̀ tu, àmọ́ wọn ò gbá a. Wọ́n fi ìgbálẹ̀ ti pátákó tí wọ́n kọ orúkọ Híng-Lọ́m sí, kí àbúrò ẹ̀ lè gbá a fúnra ẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìgò ni Tám gun òkè dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, fìlà òyìnbó ẹ̀ lọ́wọ́.

"Ó rán mi sí ẹ," ni Tám wí. "Onírùngbọ̀n. Ó ní òun lè gbà ẹ́ síṣẹ́ nínú ihò yẹn. Ó máa sanwó. Ó ní o mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ tí kò fi í wó."

Híng-Kéì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn ún lọ́fun. "Sọ fún un kó má la igun sí i."

Tám ò lọ. Ó ń yí fìlà náà lọ́wọ́. "Ó tún ní nǹkan kan. Ó ní nígbà tóun wà lábẹ́ ilẹ̀, òun ń gbọ́ ohùn ẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lò ń pariwo títí ọwọ́ ẹ fi kan òun. Ó ní òun ò lè gbà á kúrò létí, òun fẹ́ mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Ó pè é fún mi." Tám wo pátákó ibojì, ó gbójú kúrò. "'Ẹ̀gbọ́n' ni."

Híng-Kéì ò rántí pé òun pariwo ohunkóhun. Iyẹ̀pẹ̀ nìkan ló rántí, àti irun tó bá a lọ́wọ́, àti bí orí náà ò ṣe tútù. Ó wo èékánná ẹ̀. Amọ̀ ihò ṣì wà lábẹ́ wọn, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn.

"Sọ fún un pé kò ní ìtumọ̀," ló wí.

Nígbà tí Tám lọ tán, ó kúnlẹ̀, ó da ọtí sílẹ̀ níwájú pátákó. Ó la ẹnu láti pe Híng-Lọ́m ní 'Ẹ̀gbọ́n', bó ṣe máa ń pè é kó tó bá a sọ̀rọ̀. Ohùn kankan ò jáde. Ó tún gbìyànjú, afẹ́fẹ́ nìkan ló gba ọ̀fun ẹ̀ kọjá. Ó ti pè é tán sínú ihò, lé ẹlòmíràn lórí.

Ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.